Irun Òkè Ojú Àbúrò Ọkọ Mi

“Bí o kò bá tíì dé kí Kérésì tó wọlé, a ó wá gbé ọ, ìwọ àti ọmọ. Mo ti rí ọkọ̀ akẹ́rù, mo sì ti rí ọkùnrin mẹ́fà.”

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi sọ fún mi lórí tẹlifóònù nìyẹn, lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. Láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni mo ti jókòó sórí àga onígi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Porto-Novo. Aago kan ọ̀sán ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá kí akọ̀wé tó pè mí pé Èkó ti dáhùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi. Ìṣẹ́jú kan gbáko lọ lórí “Ṣé o ń gbọ́ mi? Ṣé o ń gbọ́ mi?” Nígbà tí ó kìlọ̀ fún mi tán, tí mo la ẹnu láti dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ dákẹ́. Mo bẹ akọ̀wé kó bá mi pè é padà. Ó ní ó di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ajé sì jẹ́ ọjọ́ tí n kò lè kúrò nílé.

Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi kò lè gbà sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sí i, mo sì kọ ọ́ sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé kà ní Ìlaròó àti agbègbè rẹ̀, nítorí mo gbọ́ pé ẹ̀yin náà ń sọ pé wọ́n dè mí mọ́lẹ̀ nílé ọkọ mi ní Sakété. Kò sí ẹni tó dè mí. Ẹnu ọ̀nà ilé tí mo ń gbé kò ní àgádágodo. Mo lè jáde lónìí, kí n sì dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la. Ọmọ mi ni kò lè bá mi jáde.

Ọdún kejì tí Dahomey gba òmìnira ni mo kọjá ààlà. Ọkọ mi ń ta aṣọ, ó máa ń wá sí ọjà wa, ó mọ̀rọ̀ sọ, ó sì ní sùúrù pẹ̀lú bàbá mi. Mo ti lo ọdún mẹ́rin ní iléèwé gíga. Mo rò pé ilé kejì ni mo ń lọ. Ilẹ̀ pupa kan náà ni, ọ̀pẹ kan náà, èdè tí wọ́n ń sọ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èdè tiwa gan-an, àfi pé níbi tí àwa ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ Faransé ni wọ́n ti ń yá tiwọn.

Ní oṣù kejì tí mo dé, mo fi ìwé ẹ̀rí mi sínú àpòòwé tó mọ́, mo gbé e lọ sí bíróò ìjọba kan láti béèrè iṣẹ́. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó.

“Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni,” ni ẹnìkejì sọ. “Ìyàwó, ẹ tọ́jú ẹ̀ dáadáa o. Ìwé tó nípọn báyìí, ó máa dáa láti fi pọ́n ẹ̀pà tà.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí n kò mọ ohun mìíràn tí ó yẹ kí n ṣe. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyàwó Gẹ̀ẹ́sì ní àdúgbò. Bí àwọn ará Ìlaròó bá sì wá ná ọjà Sakété báyìí, wọ́n á ní ẹnu mi ti yí padà, pé mo ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn Ànàgó ìhà tibí. N kò mọ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ mọ́ tí kò ní kọ́kọ́ fetí sí ẹnu mi kó tó fetí sí ọ̀rọ̀ mi.

Ilé oníṣòwò ni ilé ọkọ mi, ilé mùsùlùmí. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Àlájà, ni olórí níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó. Nílé yìí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Àbúrò ọkọ mi obìnrin tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí mo dé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn rẹ̀ gùn, mo sì sọ ọ́ ní Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo ń kúnlẹ̀ kí i ní àárọ̀. “Ọkọ mi” ni mo ń pè é, “ẹ” ni mo sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá rán mi níṣẹ́, mo ń jẹ́ ẹ. Kò sí ìwà burúkú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ni ọkọ mi ni.

Mo bí Àṣàkẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́ta, bàbá rẹ̀ lọ sí Dakar. Ó ní oṣù mẹ́fà ni. Létà méjì ló kọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan tó ti ibẹ̀ bọ̀ sọ fún wa pé ara rẹ̀ le, ó sì ti fẹ́ ìyàwó níbẹ̀. Mo dúró fún oṣù mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn náà mo wọlé lọ bá Àlájà, mo kúnlẹ̀, mo ní mo fẹ́ lọ kí àwọn òbí mi, kí wọ́n lè rí ọmọ.

“Lọ kí wọn,” ni ó sọ. “Bó o bá fẹ́, lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ọmọ ń bẹ níbí.”

“Àlájà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí tọmọ ni mo ṣe fẹ́ lọ.”

“Mo mọ̀. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Dakar, n ò sì mọ̀ bóyá n ó tún fojú kàn án. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi nínú ẹ̀ nìyẹn.” Ó na ọwọ́ sí Àṣàkẹ́, tó sùn sórí ẹní. “Ìlú tiyín lè gbà ọ́ padà. Ta ló máa dá èyí padà fún mi?”

Mo dìde. N kò lọ. Ní ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ibi tí mo wà kì í ṣe ilé kejì.

Ní Pobè ni mo ti rí iṣẹ́. Obìnrin Ègùn kan láti Porto-Novo, Tàǹtí Viktoríìn, ní ṣọ́ọ̀bù ìṣerun kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ rélùwéè níbẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ ní Dakar kó tó padà wálé. Ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni; lọ́jọ́ ìsìn, ẹsẹ̀ lásán ló ń fi gba ojú títì, bí oòrùn ti wù kó mú tó. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa bá a ṣe irun òkè ojú, nítorí ojú tirẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

“Ṣé ọwọ́ ẹ máa ń gbọ̀n?” ni ó kọ́kọ́ bi mí.

“Rárá, Tàǹtí.”

“Ẹnu lásán nìyẹn. Gba ṣíbí yìí.” Ó bu omi kún un títí dé etí, ó ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n sì padà. Omi kò dà. “Ó dáa. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, kó lọ máa gúnyán. Ojú ènìyàn kì í ṣe odó.”

Ìda ni a fi ń ṣiṣẹ́ náà. Síìrì ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Inú agolo ni ó ti ń wá láti Cotonou, a ó gbé agolo náà sínú ìkòkò omi gbígbóná lórí àdògán, a ó máa fi igi rò ó títí yóò fi yọ́ bí oyin. Kí á tó fi kan oníbàárà, a ó kọ́kọ́ fi kan inú ọrùn ọwọ́ ara wa. Bí ó bá ta wá, ó gbóná jù fún ojú ènìyàn. A ó nu òróró kúrò lójú oníbàárà, a ó fọ́n páúdà díẹ̀ sí i kí ìda lè di irun mú kó má di awọ mú. A ó fi igi tẹ́ ìda náà síbi tí irun kọjú sí, a ó tẹ aṣọ pẹlẹbẹ mọ́ ọn, ọwọ́ òsì yóò na awọ ojú, ọwọ́ ọ̀tún yóò sì fa aṣọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí ìhà òdìkejì, kó sún mọ́ awọ. Bí a bá fà á sókè, awọ yóò bá a wá. Bí a bá fà á díẹ̀díẹ̀, oníbàárà yóò pariwo. Lẹ́yìn náà ni a ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ojú náà títí oró rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Àwọn irun kéékèèké tó bá kù, ẹ̀mú tín-ín-rín ni a fi ń yọ wọ́n.

Àwọn ìyàwó olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, ìyàwó àwọn akọ̀wé ìjọba tí wọ́n gbé láti Cotonou wá, àti ìyàwó àwọn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ọ̀pẹ ló ń wá. Gbogbo wọn ń fẹ́ irun ojú tó tín-ín-rín tó sì tẹ̀ bí òṣùpá àkọ́yọ. Ní àkókò kan, agolo kò wá láti Cotonou fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tàǹtí Viktoríìn ní kí a ti ilẹ̀kùn. Mo ra ìda oyin lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ọ̀họ̀rí tó ń gbé oyin wá sí ọjà Pobè, mo ra oje líle tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, mo sì ń dán an wò lára ẹsẹ̀ mi. Ìda nìkan gbóná jù, ó sì ń já. Ní ìgbà kọkànlá ni mo rí i: oje ṣíbí mẹ́fà, ìda ṣíbí méjì, òróró ṣíbí kan. Tàǹtí Viktoríìn fi kan ọwọ́ rẹ̀, ó fà á, ó wo irun tó bá a jáde.

“Gẹ̀ẹ́sì,” ni ó sọ, “ìwé ẹ wúlò díẹ̀.”

Mo kọ ìwọ̀n náà sínú ìwé, mo sì kọ́ ọ sórí. Inú mi dùn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ń wọ rélùwéè láti Sakété lọ sí Pobè, Àṣàkẹ́ á sì bá mi lọ. Ẹ̀rù àdògán yẹn kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí iná, mo ní kò gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀. Ó á dúró sí eteetí ìlà náà, á na gbogbo ara síwájú bí ẹni fẹ́ ṣubú, á ní, “Màmá, ẹ wò ó, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lẹ́yìn.”

Àlájà kò lòdì sí iṣẹ́ náà. Ó béèrè ohun tí à ń ṣe, mo sì ṣàlàyé.

“Àwọn àáfà wa ní ojú tí Ọlọ́run ti yà, kí ẹ̀dá má tún un yà,” ni ó sọ. “Ṣe ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì. Ṣe ti àwọn ìyàwó ìjọba. Ṣùgbọ́n bó o bá fọwọ́ kan ojú ọmọ mùsùlùmí kan ṣoṣo ní Sakété yìí, wọn ò ní wá bá ẹ. Èmi ni wọ́n máa wá bá níwájú mọ́ṣáláṣí. Ọjọ́ náà ni ọmọ á kúrò lọ́wọ́ ẹ.”

Mo ní mo gbọ́. Mo sì pa á mọ́ fún ọdún méjì ó lé. Àwọn obìnrin Sakété wá bá mi, àwọn mìíràn fi aṣọ bojú wá. Mo dá gbogbo wọn padà. N kò rò ó rí pé inú ilé wa gan-an ni ẹni tí n kò lè dá padà yóò ti wá.

Oṣù Èrèlé ọdún yìí ni wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó Opẹ́lẹ́ńgẹ́. Akọ̀wé kan tó ń bá àwọn aṣọ́bodè ṣiṣẹ́ ní Porto-Novo ni ó fẹ́ fẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni yìgì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, bí mo ti ń dá iná sí àdògán, mo gbé ojú sókè, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tàǹtí Viktoríìn ti lọ sí ìsìn ní Porto-Novo. Èmi àti Àṣàkẹ́ nìkan la wà níbẹ̀.

“Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o.”

“Ọkọ mi! Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ọkọ mi, kí lẹ wá ṣe ní Pobè? Ṣé kò sí o?”

“Kò sí. Wá tún mi lójú ṣe.” Ó ti jókòó.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mọ ohun tí Àlájà sọ.”

“Àlájà sọ tiẹ̀. Èmi ń sọ tèmi.” Ó yọ fọ́tò kan láti inú àpò. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, ní Cotonou, irun ojú rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. “Àfẹ́sọ́nà mi ló fi èyí hàn mí, ó ní, ‘Wo bó ṣe rí.’ Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé o fẹ́ kí n dé àárín wọn kí wọ́n máa ní ìyá oko dé?”

“Ọmọ mi ni wọ́n máa gbà, ọkọ mi.”

“Ta ló máa sọ fún wọn? Yọ díẹ̀. Ta ni ọkọ ẹ nílé yẹn?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ọ̀kan wà ní Dakar tí kì í kọ̀wé. Èyí tó jókòó síwájú ẹ ló rán ẹ níṣẹ́ yìí. Ṣé o máa kọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó mi?”

Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára fọ́tò náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ẹ̀rù ìlú ńlá ń bà á. Mo mọ ẹ̀rù náà. Èmi náà ti gbé e kọjá ààlà rí.

Mo ṣe é. Abẹ́ irun náà nìkan ni mo ṣe, àti àárín méjèèjì, kí ẹni tí kò bá mọ̀ má lè mọ̀. Ìgbà mẹ́rin péré ni mo fa aṣọ. Nígbà tí mo gbé dígí fún un, ó wo ara rẹ̀ títí.

“Ṣé èmi nìyí?” ni ó sọ, kì í sì ṣe èmi ni ó ń bi.

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kù yìí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Gbogbo oníbàárà tó bá dìde lórí àga yẹn, mo ní òfin tí mo ń kà fún un, ó sì gbọ́dọ̀ kà á padà fún mi: ọjọ́ méjì gbáko, kò sí ọṣẹ dúdú, kò sí kànìnkànìn, kò sí tìróò, kò sí oòrùn ọ̀sán. Awọ tí ìda ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀ dà bí awọ ọmọ tuntun. Mo ti kà á fún ìyàwó òyìnbó. Mo ti pariwo ẹ̀ mọ́ nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í pàṣẹ fún ọkọ. Ẹnu mi kò lè sọ fún Opẹ́lẹ́ńgẹ́ pé “ẹ kò gbọ́dọ̀”. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ọkọ mi, bó bá wù yín, ẹ lè fi ọṣẹ dúdú sílẹ̀ ná.”

“Mo ti gbọ́,” ni ó dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú dígí. N kò ní kó kà á padà fún mi.

Nínú ilé wa, ìyá ló ń wẹ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn kó tó lọ sílé ọkọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo ń ṣa ìrẹsì lágbàlá pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé. A ń gbọ́ orin àti ẹ̀rín láti ilé ìwẹ̀. Lójijì, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ké, “Yéè! Ojú mi!” Ẹ̀rín dákẹ́. Mo fi àwo ìrẹsì sílẹ̀. Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó pè mí.

“Ìyá Àṣàkẹ́,” ni Àlájà pè láti inú ilé ìwẹ̀.

Mo wọlé. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí àpótí, omi ń dà lára rẹ̀. Ọṣẹ dúdú tí Àlájà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gún ti bó o lábẹ́ irun ojú ọ̀tún, ó tó gígùn èékánná. Ibẹ̀ pupa, ó sì ń ṣomi. Àlájà dì í ní àgbọ̀n mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tọ abẹ́ irun ojú òsì lọ. Kò pariwo.

“Iṣẹ́ ọwọ́ ta ni?”

“Èmi ni,” ni mo sọ.

“Èmi ni mo ní kó ṣe é,” ni Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ké. “Ìyá mi, ó kọ̀, ó bẹ̀ mí, èmi ni mo fi ipò ọkọ halẹ̀ mọ́ ọn.”

“Mo gbọ́,” ni Àlájà dáhùn. “Ìwọ ló ní kó ṣe é. Òun ló ṣe é.”

Mo sọ ohun tí a lè fi pa á fún wọn: omi tútù, àdí àgbọn díẹ̀, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ṣe bí mo ti wí. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n wé ìborí rẹ̀ wá sílẹ̀ dé ojú, wọ́n sì so yìgì láìsí ẹni tó béèrè ohunkóhun. Láàárín ọjọ́ méjìlá, ojú ọgbẹ́ náà ti jinná.

Ìdájọ́ tèmi kò ní ariwo. Lọ́jọ́ Àìkú, Àlájà gbé ẹní Àṣàkẹ́ lọ sí yàrá rẹ̀. “Máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ,” ni ó wí. “Ọmọ ò ní bá ẹ wọ rélùwéè mọ́. Bó o bá sì gbé e sún mọ́ ààlà, tàbí ẹnikẹ́ni láti ìlú yín bá wá fi ọwọ́ kàn án, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni màá fi í ránṣẹ́ sí bàbá ẹ̀ ní Dakar. Mo ti bá ẹni tó máa mú un lọ sọ̀rọ̀.”

Mo béèrè. Òótọ́ ni. Ó ti bá a sọ̀rọ̀.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wọ rélùwéè náà lémi nìkan. Mo jókòó nítòsí fèrèsé, apá kan àga ṣófo, mo sì ń ka igi ọ̀pẹ títí iye wọn yóò fi dàrú mọ́ mi lójú. Tàǹtí Viktoríìn kò bi mí léèrè. Ó kàn ń fi oúnjẹ púpọ̀ jù síwájú mi. Àṣàkẹ́ á pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, á ní, “Màmá, ìlà mi ṣì wà níbẹ̀?” Mo ní ó ṣì wà. N kò sọ fún un pé ẹsẹ̀ àwọn oníbàárà ti pa á rẹ́.

Nínú oṣù kan náà tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìbínú, ni mo kọ létà sí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́ pé wọ́n ti sọ mí di ẹrú. Létà yẹn ló ń wá ọkọ̀ akẹ́rù báyìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn létà náà, òun sì ni mo fẹ́ sọ lórí tẹlifóònù. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ojú òsì Àlájà ń pọ́n. Irun ìpéǹpéjú kan ló ń hù sínú, tó ń gún ẹyin ojú rẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún hù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

“Lọ gbé ẹ̀mú ẹ wá,” ni ó wí. “Mo ti bi àáfà. Ó ní èyí kì í ṣe ẹwà, ìtọ́jú ni.”

Mo fi omi gbígbóná fọ ẹ̀mú náà. Mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, ojú rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, tèmi sì wà lókè. Mo rí irun náà, funfun, kúkúrú. Mo na awọ pẹ̀lú ọwọ́ òsì.

“Ọwọ́ ẹ ò gbọ̀n,” ni ó wí.

“Rárá, Àlájà.”

“Ṣé o ṣì fẹ́ lọ sílé yín?”

“Bí mo bá fẹ́ lọ láìsí ọmọ, mi ò ní wà níbí báyìí.”

Mo yọ irun náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, mo fi hàn án lórí èékánná mi. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ká ní ìwọ ni mo bí,” ni ó wí, “màá ní kó o gbé ọmọ ẹ kó o sá. Ìwọ kọ́ ni mo bí. Bàbá ẹ̀ ni mo bí.” Ó jókòó dáadáa, ó tún ìborí rẹ̀ ṣe. “Ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ lekọ́ọ̀lù, iléèwé Faransé, lóṣù tó ń bọ̀. Wọn kì í lọ ní Ọjọ́bọ̀. Kó máa bá ẹ lọ sí Pobè ní Ọjọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àárín Sakété àti Pobè nìkan ni o. Bí mo bá gbọ́ orúkọ ìlú kẹta, ó parí.”

Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, nítorí n kò mọ irú ìkúnlẹ̀ tí mo lè fi dúpẹ́.

Ọjọ́bọ̀ mẹ́fà ni a ti lò báyìí. Àṣàkẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà, ó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó ń ka orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan ní Faransé, mo sì ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá. Kò pọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje kì í ṣe ìyè, n kò ní bá a jiyàn. Mo ṣì wà nínú rẹ̀. N kò tíì jáde. Nígbà mìíràn, bí rélùwéè bá dúró, tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹsẹ̀ mi á máa gbéra fúnra wọn. Ṣùgbọ́n n kò ní ọjọ́ kankan tẹ́lẹ̀, mo sì ti ní ọ̀kan báyìí. Ó ṣeé ṣe kó di méjì bó bá pẹ́ díẹ̀. Ojú Àlájà ń hu irun mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi rò pé ọkùnrin mẹ́fà yóò tó. Ọkọ Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ń bá àwọn aṣọ́bodè ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà láti Sakété dé ààlà tí wọn kò ní gbọ́ kó tó débẹ̀. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ náà dúró, wọn yóò dá àwọn ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi yóò padà sí Èkó, wọn yóò sì fi ọmọ mi ránṣẹ́ sí ìlú tí n kò mọ̀, sọ́dọ̀ obìnrin tí n kò rí rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi sọ fún un: kó dá ọkọ̀ akẹ́rù náà padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ sọ fún un pé mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Bí ó bá fẹ́ rí wa, kó dá wá, ní ọ̀sán, kó kọ́kọ́ yà sí Sakété kó kí Àlájà, kó jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá gbé fún un, kó sì tọ̀ wá wá sí Pobè ní Ọjọ́bọ̀. Kó má sọ fún ọmọ náà pé òun wá mú un lọ. Ẹ tètè sọ fún un. Kérésì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún.